Oríkì Adájọ́ Tí Ń Fi Àyà Gbọ́rọ̀

Mo júbà kí n tó lanu.
Mo júbà adájọ́ ìjà ráàpù,
Afàyàgbọ́rọ̀, ọmọ Ariwo-la-fi-ń-mọ-ọkùnrin.
Etí méjì l'Ọlọ́run fún ọ:
o fi ọ̀kan sílé, o yá ọ̀rẹ́ rẹ ní èkejì,
o wá gbé igbá àyà lọ síbi ìjà.
Alángbá mirí, ó ní bẹ́nì kan ò yin òun, òun á yin ara òun;
ìwọ náà mirí, o ò mọ ẹni tí ò ń yìn.
Wọ́n fọ̀rọ̀ dárà níwájú rẹ, o ń wo fóònù;
wọ́n fẹsẹ̀ janlẹ̀, o dìde fùú, o ní ìjà ti dé.
Ẹni tó pariwo lọ́dọ̀ rẹ ti jàre;
ẹni tó rò ó kó tó sọ ọ́, kó yáa máa wọ bàtà rẹ̀.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mò ń kì í. Ọba lóríkì, ajá ọdẹ lóríkì, àparò inú oko pàápàá lóríkì. Ta ló ti ki adájọ́ ìjà ráàpù rí? Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ńlá ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Ènìyàn méjì á dúró kojú ara wọn, imú á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú. Kò sí ìlù, kò sí bíìtì lábẹ́ ọ̀rọ̀ bíi tinú àwo; ẹnu lásán ni. Ráùndì mẹ́ta ló sábà máa ń jẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: ìwọ sọ, èmi sọ, títí yóò fi tán. Èébú ni wọ́n ń bú ara wọn, àmọ́ èébú tí wọ́n ti jókòó kọ sílẹ̀, tí wọ́n ti há sórí, tí wọ́n ti ń sọ fún dígí nílé. Ọ̀kan nínú wọn ti lọ tọpinpin alátakò rẹ̀, ó ti mọ irọ́ tó ń pa àti gbèsè tó jẹ, ó wá dẹ tàkúté ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ráùndì kìíní tí kò ní ré títí di ráùndì kẹta. Ìkejì ò da ara rẹ̀ láàmú tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀fun rẹ̀ le, ojú rẹ̀ le, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìka méjì ṣe ìbọn.

Àárín àwọn méjì yìí la gbé adájọ́ wa kalẹ̀ sí, a ní kó sọ ẹni tó borí fún wa. Ó wúkọ́, ó gba makirofóònù, ó ní: "Ọmọ yẹn ní páwà." A dúró kó sọ ìyókù. Kò sí ìyókù.

Oríkì kì í pé bí a kò bá dé orírun onítọ̀hún. Ọmọ Harlem ni ọ́, adájọ́, ní New York. Ilé ijó kan wà níbẹ̀ láyé ijọ́un tí wọ́n ń pè ní Harlem World, níbi tí òpópónà 116th ti pàdé Lenox Avenue. Ibẹ̀ ni Busy Bee wà lóṣù Kejìlá ọdún 1981. Ká mú ara èrò yá ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe dé góńgó: ó ní kí wọ́n ké, wọ́n ké, ó ní kí wọ́n nawọ́ sókè, ọwọ́ kún òkè. Láyé ìgbà náà, iṣẹ́ ẹni tó gbá makirofóònù mú nìyẹn, kí agbo má ṣáà ti tutù. Àwọn baba ńlá rẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, èmi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti patẹ́wọ́ tán kó tó lanu.

Kool Moe Dee, ọ̀kan lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ráàpù Treacherous Three, ló wá ba ọjọ́ jẹ́ fún ìdílé yín. Kò ní kí ẹnikẹ́ni ké. Busy Bee gan-an ló dojú kọ: orúkọ tó ń jẹ́, ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ ní àsọtúnsọ, ìhàlẹ̀ rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó lè dúró níwájú òun. Ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tú wọn palẹ̀, kò sì sinmi títí ó fi dé ìdí ọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ pé ráàpù yí padà, pé ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ í tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba àga lọ́wọ́ ẹni tó mọ agbo í rú sókè.

Ohun tó wá dun ìdílé rẹ jù ni kásẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gba ohùn ìjà náà sílẹ̀, wọ́n ń dà á kọ, ó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ kiri àdúgbò. Kásẹ́ẹ̀tì ò fi ẹ̀wù dídán han ẹnikẹ́ni. Kò fi ẹni tó ń fò sókè hàn, kò fi ẹni tó ń fajú ro hàn. Ẹni tó yá a á jókòó sí yàrá rẹ̀, á gbọ́ ọ, á dá a padà sẹ́yìn, á tún un gbọ́, ohun tó kọjá lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní á sì wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Ìwọ o, adájọ́, o ò dá nǹkan padà sẹ́yìn rí láyé rẹ.

Ọmọ Harlem tí kásẹ́ẹ̀tì fojú ẹ̀ gbolẹ̀,
ọmọ A-ò-fọ̀rọ̀-jẹun-nílé-wa.
Ẹ̀rọ lásánlàsàn gbọ́ ọ̀rọ̀ títí ó fi tọ́jú ẹ̀ sínú;
ìwọ tí o ní ọpọlọ, o jókòó níwájú ẹni tó ń sọ ọ́,
o délé, wọ́n ní kí lo gbọ́,
o ní ó làágùn.

Ẹ wá wo adájọ́ mi nígbà tí ọ̀rọ̀ ìbọn bá délẹ̀. Ìbọn ò wọ́n nínú ìjà yìí. Ẹni tí kò pa eṣinṣin rí á dárúkọ ìbọn mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, á fi ìka júwe bí wọ́n ṣe ń kì í, bí wọ́n ṣe ń yìn ín, bí ó ṣe ń dún. Àwọn kan mọ̀ ọ́n ṣe débi pé orúkọ ìbọn á di orúkọ ènìyàn, orúkọ ènìyàn á di àdúgbò, ìtumọ̀ á máa gorí ìtumọ̀. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ àwọn tó gbówọ́ nínú ìjà yìí fi ń jẹun. Ìyẹn kọ́ ni adájọ́ ń wá. Iye ìbọn ló ń kà.

O rí ìka, o pè é níbọn;
wọ́n ní "pàù", o dojú bolẹ̀.
Ọ̀kan pa èkejì lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún nínú ráùndì kan,
òkú dúró gbagidi, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù,
ìwọ nìkan lo sunkún ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un bí ẹni pé Yorùbá ni wọ́n fi ń jà, kí ẹ lè fojú ara yín rí ohun tó ń kọjá lára ọkùnrin yìí. Alátakò kan ti ń fọ́nnu láti ìbẹ̀rẹ̀: "Ìgbà mi dé! Ìgbà mi dé!" Ó ń lu àyà, adájọ́ ń bá a lu tirẹ̀. Ó kan ọmọ tó mọ̀ ọ́n kọ. Ní ráùndì kìíní, ó kàn fi àwàdà sọ pé ẹmu ni bàbá ẹni yìí ń dá, pé ìdílé wọn ò mọ̀ ju kí wọ́n máa gun igi tí wọn ò gbìn. Èrò rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n gbàgbé ẹ̀. Ní ráùndì kejì, ó ní ọ̀rẹ́ tó hun okùn fún ọ tí o fi gòkè, òun lo wá ń sọ òkò ọ̀rọ̀ lù látòkè yẹn. Wọ́n ṣe "háà" wẹ́rẹ́. Ní ráùndì kẹta, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó ní:

Ìgbà rẹ dé lóòótọ́. Igbà rẹ ló já.

Ó tán. Ẹni tó ti ń bá ọ̀rọ̀ bọ̀ rí bàbá adẹ́mu, ó rí okùn tí ọ̀rẹ́ hun, ó rántí ìfọ́nnu ẹ̀ẹ̀kan, ó sì rí gbogbo wọn tí wọ́n jọ já bọ́ látorí ọ̀pẹ. Irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í dún lójú ẹsẹ̀. Ilé á kọ́kọ́ pa rọ́rọ́. Ẹnì kan níwájú á di orí mú. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ilé á wó.

Kí ni adájọ́ ń ṣe nígbà tí ilé pa rọ́rọ́? Ó ń kọ̀wé. Ó ti kọ "Ó rọ̀" sí bébà. Nígbà tí ilé wó, ó bojú wẹ̀yìn, ó rò pé wọ́n ti ń jà níbi tí wọ́n ti ń ta ọtí. Alátakò gba makirofóònù padà, kò rí èsì fọ̀, ó gbá àyà, itọ́ ń ta, iṣan ọrùn yọ: "Màá pa ọ́! Màá pa ọ́, màá tún ọ pa!" Adájọ́ ju bíírò sílẹ̀, ó di tábìlì mú.

Ẹ bá mi wo bébà ìdájọ́ rẹ̀. Lábẹ́ "fífi ọ̀rọ̀ dárà", ó kọ: ó gbìyànjú. Lábẹ́ "èsì èrò", ó kọ: wọ́n ń jà níbi ọtí. Lábẹ́ "ìṣesí", ó kọ AGBÁRA ní lẹ́tà gàdàgbà, ó fa ìlà sí i nídìí títí bébà fi ya.

Bí a bá sọ fún un pé ó ń rẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ, ẹ̀rí ń bẹ lápò rẹ̀. Á ní ẹ ò rántí Eminem ni? Ní 1997, ọmọ Detroit náà lọ sí ìdíje Scribble Jam ní Cincinnati, Juice tó wá láti Chicago ló na án níbẹ̀. Ọdún yẹn náà ló lọ sí Rap Olympics ní Los Angeles, ipò kejì ló tún gbà. Kí ló ti ẹ̀yìn ẹ̀ yọ? Ní 1999, àwo The Slim Shady LP jáde, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Adájọ́ mi ti sọ èyí di òfin: ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ, olówó ló ń dà. N ò ní ẹ̀sùn kankan fún àwọn tó dájọ́ nígbà yẹn. Juice kì í ṣe aláriwo lásán, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu ẹ̀. Àmọ́ ta ló fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún ẹni tó ti fi ara rẹ̀ ṣe baba ìsàlẹ̀ àwọn olówó ọ̀la?

Fíìmù 8 Mile tó jáde ní 2002 ló yẹ kó kó o láyà jẹ. Nínú ìjà tó kẹ́yìn fíìmù náà, ọmọkùnrin tí Eminem ṣe ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì ka gbogbo àléébù ara rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀: òṣì tó ń ta, ilé alágbèéká tó ń bá ìyá rẹ̀ gbé, gbogbo ohun tí alátakò ti dì sápò láti fi bú u. Ó wá na makirofóònù sí i. Alátakò gbà á, ẹnu rẹ̀ wọhò. Kò sí ohun tó kù tó máa fi pariwo. Adájọ́ wa wo fíìmù náà títí dópin, ó ní fìlà ọmọ yẹn wu òun.

N ò ní tìtorí pé mò ń bú u (ẹ jọ̀ọ́, mò ń kì í ni) kí n wá parọ́ mọ́ ọn. Ohùn wà nínú ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ tó dára tó wá ń kùn ún sínú bí ẹni tó ń ka lẹ́tà ilé ẹjọ́ tí wọ́n fi pè é, kò tíì jà. Tay Roc tó wá láti Baltimore, kò sẹ́ni tó ń tẹ̀lé ìjà yìí tí kò mọ bó ṣe máa ń gba sítéèjì tán, tí ara gbogbo ilé á gbọ̀n. Rum Nitty tó wá láti Phoenix ní Arizona, òun fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan. Ọ̀rọ̀ ló fi ń ṣe gbogbo ìrìn. Ẹni tó bá wá sọ pé Tay Roc ò mọ ọ̀rọ̀ kọ, irọ́ ló pa. Ẹni tó bá sọ pé Rum Nitty ò mọ ibi tó yẹ kí òun ti dákẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó wọlé, òun náà kò gbọ́ ọ rí. Bí a bá fi àwọn méjèèjì síwájú adájọ́ tó gbó, á bi ara rẹ̀ pé kí ni igbe yìí gbé dání, á tún bi ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ yìí, ṣé ó ba alátakò rárá àbí ó gba orí rẹ̀ kọjá. Ìbéèrè méjì péré ni. Adájọ́ mi ò fẹ́ràn ìbéèrè.

Tàbí kí a mú ìjà Loaded Lux àti Calicoe wò, níbi ètò ìjà tí wọ́n pè ní Summer Madness 2, ní New York ní 2012. Ọmọ Harlem ni Lux, ọmọ Detroit ni Calicoe. Lux múra wá bí ẹni tó ń lọ síbi ìsìnkú, àwọn tó tẹ̀lé e náà múra ọ̀fọ̀, wọ́n gbé pósí wọlé. Ká ní adájọ́ mi wà níbẹ̀, pósí ni ì bá fún ládé. Ì bá ní kí wọ́n gbé e jó. Bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ṣì ń sọ nípa rẹ̀ títí dòní ni ráùndì kẹta, níbi tí Lux ti fi èébú lásán sílẹ̀ tó ń bá ọmọkùnrin náà wí nípa ìgbésí ayé ẹ̀, bí àlùfáà tó ń wàásù lórí òkú. Nígbà náà ni pósí tó wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ wá rí iṣẹ́ ṣe. Ìṣesí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ràn. Ó wọ inú ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wọ inú ẹ̀. O ò lè fi ọ̀kan sílẹ̀ kí o mú èkejì lọ sílé. Àmọ́ adájọ́ mi á mú pósí lọ.

Pósí wọlé, o dìde dúró;
ìwàásù bẹ̀rẹ̀, o jókòó, o sùn.
A-rí-àpótí-má-bèèrè-òkú,
wọ́n ní ta ni wọ́n fẹ́ sin,
o ní igi náà dára, wọ́n fún un ní fáníìṣì.

Adájọ́ mi ní ọ̀tá kan tí kò rí orúkọ pè é: kámẹ́rà ni. Àwọn tó ń tẹ̀lé ìjà yìí máa ń sọ pé ẹni tó borí nínú ilé lè má jẹ́ ẹni tó borí lórí kámẹ́rà. Nínú ilé, ooru ń mú, ènìyàn fún pọ̀, ohùn tó bá lágbára a máa wọni lára, ọ̀rọ̀ tó bá fi nǹkan pa mọ́ sínú a sì máa gba orí àwọn tó wà lẹ́yìn kọjá. Bí fídíò bá wá jáde lórí YouTube, àwọn tó jókòó sílé á dá a dúró, á dá a padà, ẹni tí wọ́n ní ó ti kú lálẹ́ ọjọ́ yẹn á jíǹde. Ní Ultimate Rap League, líìgì ìjà ráàpù tí Smack White ń darí ní New York, ọ̀pọ̀ ìjà ló ń parí láìsí ẹni tó na ọwọ́ ẹnikẹ́ni sókè. Àwọn òǹwòran ni wọ́n ń fi ọdún mélòó kan jiyàn lé e lórí. King of the Dot tó bẹ̀rẹ̀ ní Toronto ní 2008, àti FlipTop tó bẹ̀rẹ̀ ní Philippines ní 2010, a máa pe adájọ́ jókòó sí àwọn ìjà kan. Mo rò pé Toronto ló yẹ kí adájọ́ mi kó lọ. Òtútù ibẹ̀ lè là á létí.

Ẹ má jẹ́ n gbàgbé ẹni tó jókòó tì í, nítorí orí kì í gbé ẹnì kan kó fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Mo kí ọ, Mo-ti-gbọ́-ọ, ọmọ Ó-jinlẹ̀.
Wọ́n sín, o ní ó nítumọ̀ méjì;
wọ́n ha gọ̀gọ̀ńgọ̀, o ní ìkẹta ti yọjú.
Afajúro-bí-onímọ̀,
tó ń di ẹnu mú nígbà tí kò yé e,
tó tún ń di orí mú kí wọ́n má baà bi í.

Èyí ò fẹ́ ariwo rárá. Ọ̀rọ̀ tí kò yé òun ló fẹ́ràn. Bí ẹnì kan bá so orúkọ bàtà mọ́ orúkọ ìbọn, tó so orúkọ ìbọn mọ́ orúkọ agbábọ́ọ̀lù, tó so agbábọ́ọ̀lù mọ́ oúnjẹ, tí kò sì sí èyí tó kan alátakò tó dúró síwájú rẹ̀ nínú gbogbo wọn, inú Mo-ti-gbọ́-ọ á dùn títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ọ̀rọ̀ tí o lè sọ sí ẹnikẹ́ni láyé, o ò tíì sọ ọ́ sí ẹnì kan. Kò mọ ìyẹn. Ìgbà kan wà tí ọ̀rọ̀ há ọmọ kan lọ́fun, nǹkan tó ń ba ènìyàn lẹ́rù jù nínú ìjà yìí nìyẹn: gbogbo ohun tó há sórí fò lọ, ó ń wo òkè àjà, ó ń ta ìka, èrò ti ń hó. Mo-ti-gbọ́-ọ fún un ní máàkì mẹ́wàá. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ náà jinlẹ̀.

Àwọn méjì yìí kì í bára wọn jà. Ọ̀kan ò gbọ́, èkejì ń díbọ́n pé òun gbọ́. Ìdájọ́ wọn á pàdé lọ́nà, wọ́n á kíra wọn. Bí ìjà bá ní adájọ́ mẹ́ta, ìkẹta ni ẹni tí a ò mọ oríkì ẹ̀. Òun nìkan ló ń kọ nǹkan sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, tó ń fa ìlà láti ráùndì kìíní lọ sí ìkẹta. Méjì á sì máa fìdí ẹ̀ janlẹ̀ nígbà gbogbo.

Àwọn baba wa kò mọ adájọ́ orí àga nínú irú nǹkan báyìí. Nínú ìwé tí S. A. Babalọlá kọ lórí ìjálá, tó jáde ní 1966, ó sọ bí àwọn oníjàálá tó wà ní ìjókòó ṣe máa ń dá ẹni tó ń sun ìjálá dúró bó bá ṣì í sọ, tí wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí, tí onítọ̀hún á sì gba ara rẹ̀ sílẹ̀ bó bá lè gbà á. Ẹni tó mọ̀ ọ́n sun ló ń dá ẹni tó ń sun ún lẹ́jọ́. Ká ní irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bá adájọ́ mi ní kó gbé ẹnu wọ̀, ṣé ẹ mọ̀ pé ajá ọdẹ ni ì bá fún ní ipò kìíní.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Henry Louis Gates ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé The Signifying Monkey, tó jáde ní 1988, ibẹ̀ ló ti tọpa ọ̀rọ̀ onítumọ̀ méjì tí àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ fi ń gún ara wọn lára dé ọ̀dọ̀ Èṣù Ẹlẹ́gbára tiwa. Ẹ gbọ́ ìyẹn, ẹ wá rántí ìtàn fìlà. Èṣù dé fìlà aláwọ̀ méjì, ó gba àárín oko ọ̀rẹ́ méjì kọjá. Ọ̀kan ní pupa ni fìlà, èkejì ní dúdú ni, wọ́n fi bẹ́ẹ̀ wọ̀yá ìjà. Nígbà tí wọ́n pe adájọ́ mi láti là wọ́n, ó ní fìlà wo, ìró ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ni òun gbọ́, ó sì dùn.

Ọ̀rọ̀ ti tó. Ó ku ká ta á lọ́rẹ.

Ẹ bá mi gba bíírò lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń dí i lọ́wọ́ àtipatẹ́wọ́.
Ẹ gbé àga ẹ̀ ti sípíkà,
kí igbá àyà lè ráyè gbọ́ràn.
Ẹ fún un ní òwú méjì, ọ̀kan létí ọ̀tún, ọ̀kan létí òsì,
kí ọ̀rọ̀ má ṣèèṣì wọlé.
Ẹ bu omi fún un, ó ti bá wọn pariwo títí.
Ẹ bá a nu itọ́ ẹni tó borí kúrò lójú,
ẹ rọra, ó ní òun fẹ́ fi ṣe ìrántí.
Wọ́n ti pe ìjà tó kàn, àwọn méjì ti wọ agbo,
ọ̀kan kúrú, ó mú ìwé dání, ètè rẹ̀ ń mì;
ọ̀kan síngbọnlẹ̀, ó ti bọ́ ẹ̀wù.
Wọn ò tíì lanu o.
Adájọ́ ti na ọwọ́ ẹni tó síngbọnlẹ̀ sókè.